Ọkàn Tó Rò Pé Wọ́n Ti Bí Òun

Fadérera fi ìka méjì mú ọwọ́ ìpín lára ọ̀pá afẹ́fẹ́, ó sì yí i díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kò dún. Irin tó dára kì í dún, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ẹnu ọ̀pá ni iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ilé Afẹ́fẹ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó padà sídìí ìkòkò tirẹ̀, ó tú bùbá rẹ̀, ó sì fi àyà lé gíláàsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà kí ọmọ inú rẹ̀ lè gbọ́ bí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣe ń lù.

Ìgbà kẹta nìyí tí yóò yí i. Nígbà àkọ́kọ́, ó bojú wo ilẹ̀kùn kó tó fọwọ́ kàn án. Kò wò ó mọ́ báyìí. Ó tẹjú mọ́ ìwọ́ ọmọ náà títí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, tó máa ń dúdú bí omi aró, fi bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n.

“Mí,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mí dáadáa. Tìẹ ni.”

Ìkòkò kejì wà ní apá kejì yàrá náà. Ọmọ orogún rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń gbé ọ́síjìn wọ yàrá, nítorí òfin ìlú Abẹ́-Ọ̀sà ni pé agbo ilé kan, ọ̀pá kan. Ibi tí ọ̀pá náà ti ya sí méjì ni ọwọ́ ìpín wà, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà síbi tó yẹ kó dúró sí gẹ́lẹ́, kí ọmọ kan má baà gba ti èkejì. Ó ti kúrò lójú ìlà náà báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọ̀pá kò lè fi ojú lásán rí i. Kò sì sí ojú ẹ̀rọ nínú yàrá. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó sábẹ́ omi sọ pé ibi tí obìnrin ti ń tú àyà fún ọmọ rẹ̀, kò yẹ kí ojú kankan wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ló ń ṣọ́nà. Ìyá á mí sí i, ilẹ̀kùn á mọ èémí rẹ̀, á sì ṣí.

Fadérera fúnra rẹ̀ ló fẹ́ Ìyùnadé fún Akínlàjà, ọkọ wọn. Ilé tó bá pẹ́ tí kò fi ọmọ sínú ìkòkò, ìlú á gba ọ̀pá rẹ̀ fún ẹlòmíì, ọjọ́ orí tirẹ̀ sì ti ń lọ. Ó lọ bá ọmọbìnrin gíga náà níbi tí àwọn tí ń nu gíláàsì òrùlé ìlú láti ìta ti máa ń bọ́ aṣọ omi wọn. Ó ní Akínlàjà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó ń tún ẹ̀rọ tí ń fa omi ṣe, kì í pariwo mọ́ obìnrin. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé òun kò tíì bi ara òun léèrè bí yóò ṣe rí nígbà tí jẹ́jẹ́ yẹn bá di ti ẹlòmíì. Àwọn àgbà ti wí pé òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ó gbọ́ ọ lọ́mọdé, ó rò pé àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ìyùnadé kò pẹ́ nílé tó fi lóyún. Kí inú Fadérera tó bàjẹ́ tán, òun náà lóyún. Akínlàjà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́ta, wọ́n yọ ọmọ méjèèjì kúrò nínú ìyá wọn, wọ́n sì gbé wọn sínú ìkòkò ní Ilé Ọlẹ̀ bí òfin ti wí. Láyé àwọn ìyá wọn, obìnrin ń gbé oyún kiri nínú afẹ́fẹ́ Abẹ́-Ọ̀sà, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ débi pé kò sẹ́ni tí ń gun àtẹ̀gùn láìso àpò èémí mọ́ ìdí. Wọ́n ń bí ọmọ tí ògiri ọkàn wọn fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọmọ á rìn, á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ sáré dáadáa ni yóò ṣubú. Ẹ̀gbọ́n Fadérera obìnrin ṣubú bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé kò sí àìsàn kan láyé tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ kò lè wò.

Ọjọ́ tí owú rẹ̀ lórúkọ ni ọjọ́ tí Dókítà Ọ̀ṣúnlékè kọ́kọ́ tan àwòrán ọkàn méjèèjì sára ògiri. Ti ọmọ Ìyùnadé nípọn, ó ń lù gbì-gbì bí ẹni ń fọṣọ. Ti ọmọ Fadérera kéré sí i. Dókítà ní kò séwu, ọmọ kì í dàgbà bákan náà. Akínlàjà ní a dúpẹ́, ó sì lọ dúró níwájú ìkòkò Ìyùnadé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi èékánná kan gíláàsì náà jẹ́jẹ́, ọmọ náà sì na ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fadérera, ó kàn ní, “O kú ìtọ́jú,” bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́.

Ẹsẹ̀ tí ọmọ yẹn nà kò kúrò lójú rẹ̀. Ó ń rí i lẹ́nu iṣẹ́, ó ń rí i nídìí oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí ohun tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ìyùnadé, tí iṣẹ́ abẹ́ omi ti kọ́ ní bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ èémí ná, a máa gun àtẹ̀gùn ilé wọn dókè láìfọwọ́ kan àpò rẹ̀. Akínlàjà á ní, ẹ wo ọkàn, ọmọ náà á jọ ìyá rẹ̀. Fadérera á wà ní ìdajì àtẹ̀gùn, ẹnu rẹ̀ nínú àpò, á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn lókè.

Èrò náà wá bá a níbẹ̀, lórí àtẹ̀gùn: ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ọkàn bíi ti ẹja kò nílò ìdajì ọ̀pá. Kò jọ èrò ibi nígbà tó wá. Ó jọ òdodo.

Lẹ́yìn tó ti yí ọwọ́ ìpín lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn ọmọkùnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Àwọn nọ́ọ̀sì rí i, wọ́n ń yìn ín. Akínlàjà wá dúró níwájú ìkòkò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ó ní, “Wo ọmọ rẹ. Ọkùnrin ni.” Ìyùnadé náà wá wò ó, ó kí ìyálé rẹ̀ kú oríire, ó ní ọmọ ìyálé òun ti ta tòun yọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí ìkòkò tirẹ̀, kò sì tètè padà. Fadérera rí owú lójú orogún rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin. Adùn yẹn ló jẹ́ kó yí i ní ìgbà kẹta.

Ní oṣooṣù ni Dókítà máa ń ka sẹ́ẹ̀lì ọkàn àwọn ọmọ. Nígbà tó ka ti oṣù náà tán, ó ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó bi Fadérera bóyá ó rò pé ọkàn ọmọ rẹ̀ lágbára. Fadérera ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé ló rí i.

“Ó tóbi,” ni Dókítà wí. “Kò pọ̀.”

Akínlàjà ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun.

Dókítà tan àwòrán. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn ọmọkùnrin náà fẹ̀, wọ́n wú, wọ́n tò jẹ́ẹ́, kò sí èyí tó ń pín. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa.

“Ọmọ inú kì í mí bíi tiwa,” ó wí. “Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló bá a mu. Nínú àìtó díẹ̀ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ọkàn ti ń ya sí méjì, tí méjì ń di mẹ́rin. Ọjọ́ tí a bá bí ọmọ tó sì fa afẹ́fẹ́ sínú, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ti parí. Wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ pín mọ́, wọn á kàn máa sanra. Iye tó bá ní lọ́jọ́ náà ló máa lò dọjọ́ alẹ́. Ọkàn ọmọ yìí rò pé wọ́n ti bí òun. Ẹnì kan ti fún un ní afẹ́fẹ́ ẹni tó ti dé ayé.”

Fadérera wo àwòrán náà. Ohun tó ń fi yangàn láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni ìwúlé, bí ẹni tó wú nítorí pé kò lè dàgbà mọ́.

Dókítà yí sí Ìyùnadé. Ti ọmọ rẹ̀ ṣì ń pín, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra, ògiri ọkàn rẹ̀ sì ti ń fẹ́lẹ́. Àìtó díẹ̀ ni oúnjẹ ọkàn, ó ní, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá díẹ̀, ebi ni. Ohun méjì ló lè fa irú èyí: bóyá ọ̀pá ti bàjẹ́ nínú ògiri, tàbí ẹnì kan fọwọ́ kan ọwọ́ ìpín. Ó dúró. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀pá, àwọn á gé e láàárọ̀ ọ̀la, àwọn á sì gbé ìkòkò méjèèjì lọ sí yàrá míì kí wọ́n tó gé e.

“Tèmi ńkọ́?” Ìyùnadé béèrè. “Ṣé ó lè yè tí wọ́n bá gbé e?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Pẹ̀lú ògiri ọkàn tó ní báyìí, mi ò lè ṣèlérí. Ní ti ọmọkùnrin náà, mo fẹ́ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, bóyá ọkàn náà á gbà pé kò tíì dé ayé, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí pín. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá mọ iye tó wọlé fún un àti ìgbà tó ti ń wọlé, afọ́jú ni èmi tí mo fẹ́ fà á lọ́wọ́.”

Fadérera mọ òfin náà, gbogbo ìyá ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá yí ọwọ́ ìpín, ilẹ̀kùn kò ní mọ èémí rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìbí. Orogún tó rẹ́ jẹ ni yóò di olóhùn fún ọmọ méjèèjì. Ohùn ìyẹn ni ọmọ á máa gbọ́, àyà ìyẹn ni yóò máa lù lára gíláàsì, òun ni ọmọ á sì mọ̀ nígbà tó bá dé ayé. Ó fojú inú rí Ìyùnadé níwájú ìkòkò òun, bùbá rẹ̀ ní títú. Ó pa ẹnu mọ́.

Nílé, Akínlàjà jókòó láìjẹun. Ìyùnadé ń rìn sókè sódò nínú yàrá rẹ̀. Fadérera ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ara ògiri, èrò kan sì ń yọjú sí i tó ń lé padà, tó tún ń yọjú: bí ọmọ yẹn kò bá là á já, ìkòkò kan ṣoṣo ni Akínlàjà á máa dúró níwájú rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ìyàwó méjèèjì jùmọ̀ ń gun àtẹ̀gùn Ilé Ọlẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, Ìyùnadé dúró. Ó fi ọwọ́ wá àpò èémí rẹ̀, kò rí ẹnu rẹ̀, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Fadérera kò rí irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì bà á lẹ́rù bó ti dùn tó, bí ìgbà tí èèyàn bá jí tó bá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

“Ìyálé mi,” Ìyùnadé wí nígbà tó rí èémí. “Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀pá nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gé e. Bóyá ẹ̀yin á rí ohun tí wọn kò rí.”

Fadérera na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde.

Nígbà tí wọ́n wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé ayùn irin dé. Akínlàjà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Dókítà sì ń tú okùn ìkòkò ọmọbìnrin náà láti gbé e. Ọkàn ọmọ náà, tí wọ́n tan àwòrán rẹ̀ sí òkè, ti ń fò nínú ìlù rẹ̀.

“Ẹ fi sílẹ̀,” Fadérera wí. “Ẹ má gé nǹkan kan. Ọ̀pá náà kò ṣe nǹkan. Èmi ni mo yí i.”

Akínlàjà yí ojú sí ògiri. Ìyùnadé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

“Ìwọ?”

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, kò pè é ní ìwọ rí.

“Èmi ni.”

“Ìwọ lo mú mi wá sílé yìí.”

“Mo mọ̀.”

Dókítà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó béèrè iye tó yí i àti ìgbà tó yí i, Fadérera sì sọ fún un bí ẹni ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi èékánná hàn án lára irin náà, ibi tó kọ́kọ́ gbé e dé, ibi tó tún gbé e dé, ibi tó wà báyìí. Dókítà dá a padà sí ojú ìlà. Ìwọ́ ọmọbìnrin náà ṣú díẹ̀, ó tún mọ́ díẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Fadérera jáde. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbé ojú kúrò, Ìyùnadé ló dúró láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kejì Fadérera mí sí ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó mọ̀ pé kò ní ṣí, síbẹ̀ ó tún mí sí i.

Akínlàjà kò lé e nílé. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ẹ káàárọ̀ tí ọkọ kì í kí aya rẹ̀. Fadérera ń jókòó sórí àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ọlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí òfin kò lé e dé ibẹ̀. Ìyùnadé á kọjá níwájú rẹ̀, á mí sí ilẹ̀kùn, á sì wọlé. Wákàtí tó bá lò nínú ibẹ̀, Fadérera á máa fojú inú rí gbogbo rẹ̀: ẹnu rẹ̀ lẹ́bàá gíláàsì, ọmọ tó ń yíjú sí i. Owú náà ń jẹ ẹ́ lójú jíjí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ nìkan ni wọ́n ń pín.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Dókítà jáde wá bá a. Ó ní àwọn ti ń dín afẹ́fẹ́ ọmọ náà kù ní díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mélòó kan sì ti tún ń ya sí méjì. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pín. Fadérera fi ọwọ́ bo ojú. Dókítà ní kó máà tíì yọ̀. Nígbàkígbà tí àwọn bá dín in, ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, ọkàn rẹ̀ ń fò, àwọn a sì ní láti dúró. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ohùn a máa fara dà á.

“Ṣé kò gbọ́ ohùn ni? Ìyùnadé ń wọlé lójoojúmọ́.”

“Ó ń wọlé,” Dókítà wí. “Ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀ ló ń jókòó sí. Ẹ̀yìn ló kọ sí ti yín. Òfin ní kó jẹ́ olóhùn. Òfin kò lè fi ohùn sí i lẹ́nu.”

Fadérera béèrè bóyá wọ́n lè gba ohùn òun sínú ẹ̀rọ. Dókítà ní wọ́n ti dán an wò fún àwọn míì, kò ṣiṣẹ́; àyà tó ń lù lára gíláàsì ni ọmọ ń fetí sí, ọ̀rọ̀ kàn ń gorí rẹ̀ ni.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni Fadérera ti ń jowú rẹ̀. Nígbà tí Ìyùnadé dé, Fadérera dìde, ó sì kúnlẹ̀ níwájú orogún rẹ̀ kékeré, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú àwọn ìyá mìíràn.

“Dìde,” Ìyùnadé wí. “Wọ́n ń wò wá.”

“Jẹ́ kí wọ́n wò. Mi ò bẹ̀ ọ́ torí ara mi. Bá a sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ jáde.”

“Ọmọ mi ìbá ti kú.”

“Ìbá ti kú. Mo sì rò ó lọ́kàn mi pé kó kú. Mi ò ní purọ́ fún ọ.”

Ojú Ìyùnadé kò rọ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú láti kórìíra ọmọ náà. Ó ní ọmọ náà máa ń la ọwọ́ kan, á tún pa á dé, bí ẹni ń wá nǹkan, òun sì máa ń gbọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń fò lẹ́yìn òun. Ó gbé ojú kúrò.

“Kí lo ń pè é?”

Fadérera kò tíì sọ oríkì náà fún ẹnikẹ́ni, kódà fún bàbá ọmọ. Ó nira fún un láti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu bí ẹni ń yọ eyín.

“Àjàní.”

“Àjàní,” Ìyùnadé wí, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó dún dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Ó mí sí ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Kò sí ohun tí èèyàn lè gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fadérera dúró síbi tó kúnlẹ̀ sí títí orúnkún fi ń dùn ún, kó tó rántí jókòó. Àwọn ìyá mìíràn ti lọ nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Ìyùnadé jáde, ó ń de okùn bùbá rẹ̀, àmì gíláàsì sì pupa ní òkè àyà rẹ̀.

“Wọ́n dín in lónìí,” ó wí. “Kò fò. Nígbà tí mo pè é, ó yíra padà.”

Owú bu Fadérera jẹ nínú. Ó mọ̀ ọ́n, kò bá a jà. Ó sún lórí àga kí àyè lè wà.

“Ẹ̀gbẹ́ wo ló yí sí?” ó béèrè. “Jókòó, sọ ọ́ fún mi. Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.”